Jẹjẹrẹ mesothelioma nínú ìdílé: ẹ̀jẹ̀ ló gbé e wá ni, àbí eruku?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Surulere ni mo ń gbé. Iṣẹ́ bíréèkì ni bàbá mi ṣe ní Mushin fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún: wọ́n á ṣí láínìn àtijọ́ kúrò lára ṣúù, wọ́n á kan tuntun mọ́ ọn, wọ́n á fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí á fi bá dírọ́ọ̀mù mu. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 61, omi kún àyà wọn. Wọ́n lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́rin, kò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n wá gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé mesothelioma ni, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ti papòdà. Àbúrò wọn obìnrin ti ṣáájú wọn lọ ní 2016. Ikùn ló wú, wọ́n ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni. Ọmọ tí àǹtí yìí bí, obìnrin ẹni ọdún 44, wọ́n ti yọ kíndìnrín rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, ó ṣì wà láàyè. Wọ́n kọ "BAP1 loss" sí ìwé àyẹ̀wò bàbá mi. Mo wá a lórí fóònù, mo rí i pé jíìnì tí wọ́n ń jogún ni. Ẹni ọdún 34 ni mí, ọmọ méjì ni mo bí, ọdún 6 àti ọdún 3. Àbúrò mi ọkùnrin ló gba ṣọ́ọ̀bù bàbá. Ṣé ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa nìyẹn? Ṣé kí n kó àwọn ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò?

Ìdáhùn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, arábìnrin. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé yẹn kò sọ pé ẹ jogún nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ìyẹn ná. Àmọ́ bàbá, àǹtí àti ọmọ àǹtí tí ẹ tò tẹ̀lé ara wọn yìí kì í ṣe ohun tí dókítà tó mọṣẹ́ máa gbójú fò. Àyẹ̀wò jíìnì yẹ kó wáyé nínú ìdílé yín. Ọ̀dọ̀ yín kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ṣá, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kánjú jù nínú gbogbo yín ni àbúrò yín tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú "BAP1 loss" palẹ̀. Ẹran tí wọ́n gé lára bàbá kò lè tóbi ju hóró ìrẹsì mélòó kan lọ. Wọ́n á fi ìda gbígbóná bò ó kó lè dì, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á wá kán oje kan sí i tó ń wá èròjà BAP1 kiri. Sẹ́ẹ̀lì tí èròjà yẹn bá wà nínú rẹ̀, kókó àárín rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀ á dúró ní àwọ̀ aró. Lórí gíláàsì bàbá, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní àwọ̀ aró, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ara gidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pọ́n rúsúrúsú bó ṣe yẹ. Èyí ran dókítà lọ́wọ́ púpọ̀, torí awọ àyà tó kàn wú nítorí kòkòrò àrùn lè jọ mesothelioma lójú, ṣùgbọ́n irú awọ bẹ́ẹ̀ kì í pàdánù BAP1. Ohun tí wọ́n lò ó fún nìyẹn: láti fi dá àìsàn mọ̀, kì í ṣe láti fi dá ogún mọ̀.

Nǹkan bí ìdajì mesothelioma àyà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló máa ń pàdánù BAP1. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, inú kókó jẹjẹrẹ náà nìkan ni jíìnì ti bàjẹ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún eruku asbestos, òkúta onífọ́nrán tí wọ́n máa ń fi sínú láínìn bíréèkì àti síílìn àtijọ́. Irú ìbàjẹ́ yìí kò sí nínú àtọ̀ bàbá nígbà tí wọ́n bí yín, kò sì lè dé ara yín. Ẹ tún wò ó: ẹni tó jogún rẹ̀ gan-an, sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ tó kù máa pọ́n rúsúrúsú lórí gíláàsì bíi ti gbogbo ayé, torí ẹ̀dà kan tó dára ṣì wà nínú wọn. Gíláàsì kò lè ya ẹni tó jogún kúrò lára ẹni tí kò jogún. Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ló lè ṣe é.

Ẹ̀dà wo ni mo ń sọ? Gbogbo ará Èkó ti mọ jẹ́nótáìpù, torí náà ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ mú un. Jíìnì méjì méjì la máa ń ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ní ti jẹ́nótáìpù, àfi kí bàbá fún ọmọ ní S kí ìyá náà fún un ní S kí ọmọ tó di SS. Ẹni tó ní AS ń rìn lọ láìṣàìsàn. BAP1 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bàjẹ́, ì báà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá, ti tó láti gbé ewu lé ọmọ lórí. Òbí tó bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí ní ìdajì ìdajì: ó lè gba èyí tó dára, ó lè gba èyí tó bàjẹ́. Ọkùnrin àti obìnrin ò yàtọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá gba èyí tó bàjẹ́, ìyẹn ò sọ pé àbúrò á bọ́.

Kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún rẹ̀ ló ń ṣàìsàn? Ọmọ oníbíréèkì ni yín, ẹ ó tètè rí i. BAP1 jẹ́ bíréèkì fún sẹ́ẹ̀lì: ó wà lára ohun tó ń tún DNA tó ya ṣe, òun náà ló ń bá a ṣe é kí sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe kú kó tó di wàhálà. Ẹni tó ní ẹ̀dà méjì tó dára dà bíi mọ́tò tó ní bíréèkì ẹsẹ̀ àti bíréèkì ọwọ́. Ẹni tó jogún ọ̀kan tó bàjẹ́ ń fi ọ̀kan ṣoṣo rìn. Mọ́tò náà ń lọ, ó sì lè lọ títí dé ilé. Ṣùgbọ́n bí èyí tó kù bá já nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kò sí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Alfred Knudson ló gbé irú àlàyé yìí kalẹ̀ ní 1971, látorí jẹjẹrẹ ojú tó ń mú àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ eruku asbestos ló jẹ́ láti já bíréèkì kejì yẹn: fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ fíìfíì, a mí i sínú, ó rìn dé awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, ara ò lè yọ́ ọ, ibẹ̀ á máa wú, á máa gbóná, fún ogún sí àádọ́ta ọdún. Nínú ìdánwò lórí èkúté, àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀dà BAP1 kan tó bàjẹ́ ní mesothelioma ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ dáadáa nígbà tí wọ́n fi asbestos kan náà sí wọn lára.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti eruku yìí ti da àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá rú. Ní 1960, Wagner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kọ nípa aláìsàn 33 tó ní mesothelioma. Agbègbè tí wọ́n ti ń wa asbestos aláwọ̀ búlúù ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, àwọn kan nínú wọn kò sì fìgbà kan ṣiṣẹ́ nínú kòtò, wọ́n kàn gbé nítòsí rẹ̀ ni. Ní Tọ́kì, àwọn abúlé kan wà ní Kapadókíà, bíi Karain àti Tuzköy, tó jẹ́ pé nígbà kan, mesothelioma ló pa nǹkan bí ìdajì àwọn tó kú níbẹ̀. Ìdílé kan ń ṣòfò, ìdílé kejì ń rìn lálàáfíà. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ègún ni, tàbí àrùn ìdílé. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé ni ó, àlùmọ́ọ́nì kan tó ń jẹ́ erionite ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó wá di 2011, Joseph Testa, Michele Carbone àti àwọn ẹgbẹ́ wọn yẹ ìdílé méjì wò ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Wisconsin, èkejì ní Louisiana, tí mesothelioma pọ̀ nínú wọn láìsí iṣẹ́ asbestos kankan tó lè ṣàlàyé rẹ̀. BAP1 tó bàjẹ́ ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí ìran ìdílé so àwọn ẹbí kan tí wọn ò mọ ara wọn rí pọ̀ mọ́ bàbá ńlá kan ṣoṣo ní ọdún 1700 sí 1799, ìran mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àwa tí a mọ orírun àti oríkì ilé wa, ohun èlò ìwádìí gidi ni ìyẹn jẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé jíìnì ló ń fa mesothelioma jù. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 yẹ aláìsàn 198 wò. Nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló jogún jíìnì kan tó bàjẹ́, BAP1 ló pọ̀ jù nínú wọn, BRCA2 àti CHEK2 náà wà níbẹ̀. Ó kù 88. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọn eruku bíréèkì sójú ara wọn, tí wọ́n sì ń fi òòlù fọ́ síílìn asbestos nínú ilé àtijọ́ ní Yaba àti Ebute Metta, eruku la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe kò gba kọ́bọ̀. Ẹ mú bébà ńlá kan, kí ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí bàbá. Ẹ ya igi ìdílé: bàbá àgbà àti ìyá àgbà lókè, àwọn ọmọ wọn lábẹ́, àwọn ọmọ ọmọ lábẹ́ wọn. Ẹ ṣe ti ẹ̀gbẹ́ ìyá yín náà. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó ṣe é, ibi tó ti mú un lára, àti ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i, kì í ṣe ìgbà tó kú. Ẹ tún kọ iṣẹ́ tó ṣe, ilé tó gbé àti ọdún tó gbé ibẹ̀. Ẹ wá béèrè ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn kì í rántí: ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ bàbá? Bí àǹtí bá gbé pẹ̀lú wọn nígbà ọmọdébìnrin, tó jẹ́ òun ló ń gbọn ofọ́ọ̀lù wọn kó tó kó o sínú bàsíà, eruku lè kó àwọn méjèèjì, kí jíìnì má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn ìyàwó tí wọn ò wọ ilé iṣẹ́ rí ti ní mesothelioma láti ibi aṣọ fífọ̀ nìkan.

Ohun tó máa jẹ́ ká fura sí jíìnì nìwọ̀nyí: mesothelioma tó dé nígbà tí ọjọ́ orí wà ní nǹkan bí 50 sí 60 tàbí tó lé díẹ̀, torí ẹni tó jẹ́ eruku nìkan sábà máa ń lé ní 70, mesothelioma inú ikùn, jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹyinjú, jẹjẹrẹ kíndìnrín irú èyí tí wọ́n ń pè ní clear cell, jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma, àti àwọn kókó kékeré aláwọ̀ ara tàbí pupa ráúráú tó yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí awọ. Bí méjì nínú wọn bá bá ara wọn pàdé nínú ẹbí kan náà, ó tó láti béèrè àyẹ̀wò. Ẹ ti rí i báyìí pé bàbá jẹ́ 61, kíndìnrín ọmọ àǹtí sì wà níbẹ̀.

Ti àǹtí gan-an ló ń dùn mí lọ́kàn. Mesothelioma inú ikùn àti jẹjẹrẹ ilé ẹyin jọra púpọ̀ nínú obìnrin: ikùn á wú, omi á kún, kókó á wọ́n ká gbogbo awọ inú. Wọ́n máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹ lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ẹran wò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá búlọ́ọ̀kù ìda tí wọ́n fi ẹran rẹ̀ sí ṣì wà níbẹ̀. Ó kéré, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà náà á wà lórí ìwé àbájáde. Bí wọ́n bá rí i, dókítà lè ní kí wọ́n fi oje calretinin, PAX8 àti claudin-4 yẹ̀ ẹ́ wò. Mesothelioma sábà máa ń gba calretinin, kì í sábà gba méjì tó kù. Ti ilé ẹyin sábà máa ń ṣe òdì kejì. WT1 nìkan ò tó, torí àwọn méjèèjì ló ń gbà á. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa búlọ́ọ̀kù bàbá náà kíákíá, kí ẹ sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má dà á nù, torí ilé ìwòsàn kì í tọ́jú u títí ayé.

Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà? Ti ọmọ àǹtí. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé ara ẹni tó ti ṣàìsàn, tó ṣì wà láàyè, la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé: ká ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é, tí wọ́n sì ní ẹ kò ní nǹkan kan. Kí ni ẹ mọ̀? Ó lè jẹ́ pé jíìnì náà wà nínú ìdílé, orí ló kó yín yọ. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí jíìnì kankan nínú ìdílé rárá. Èsì kan náà, ìtumọ̀ méjì, owó ti lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí ibi tí ó ti bàjẹ́ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ṣàìsàn, ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n máa wò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn á jẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti àyẹ̀wò ńlá.

Dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní LUTH, Idi-Araba, tàbí ní LASUTH, Ikeja, lẹ lè kọ́kọ́ lọ bá, pẹ̀lú igi ìdílé àti àwọn ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Àkọ́kọ́, ṣé àyẹ̀wò ohun tí a jogún ni, tí wọ́n ń pè ní germline, kì í ṣe ti kókó jẹjẹrẹ? Ìkejì, ṣé BAP1 wà nínú àkójọ jíìnì tí wọ́n máa yẹ̀ wò? Ọ̀pọ̀ àkójọ tí wọ́n ṣe fún jẹjẹrẹ ọmú ni kò ní in. Ìkẹta, ṣé wọ́n máa wá ibi tí odidi ègé kan ti já kúrò nínú jíìnì, yàtọ̀ sí ibi tí lẹ́tà kan ti yí? Ìkẹrin, ta ló máa jókòó ṣàlàyé èsì fún yín? Bí wọn ò bá lè dáhùn ti ìkẹrin, ẹ má tíì sanwó. Àyẹ̀wò itọ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi mọ ibi tí ìran ẹni ti ṣẹ̀ wá kò wúlò fún èyí rárá.

Fífà á fúnra rẹ̀ ò le. Mílílítà mélòó kan nínú ìgò olómorí àwọ̀ pọ́pù ni, ẹ ò ní láti gbààwẹ̀. Bó bá jẹ́ itọ́, kí ẹ má jẹ, kí ẹ má mu, kí ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Èsì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èsì lè gbà jáde. Wọ́n lè rí ìbàjẹ́ tó dájú. Wọ́n lè má rí nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù láàárín wa: wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì, wọn ò sì mọ̀ bóyá ó ń pani lára tàbí kò ṣe nǹkan kan. VUS ni wọ́n ń pè é. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, ti àwọn èèyàn Yúróòpù ló kún inú rẹ̀, nítorí náà irú èsì yìí wọ́pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. VUS kì í ṣe àìsàn. Kò yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kò sì yẹ kí wọ́n fi í yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹbí tó kù wò. Ẹ tọ́jú ìwé náà, kí ẹ sì padà béèrè lẹ́yìn ọdún kan sí méjì bóyá wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá rí BAP1 tó bàjẹ́ lára ọmọ àǹtí, ó ku ìgbésẹ̀ kan kó tó kàn yín, torí òun náà ní bàbá tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ búlọ́ọ̀kù bàbá yín: wọ́n lè wá ibi tó bàjẹ́ yẹn nínú ara gidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ nínú ìda náà. Bí búlọ́ọ̀kù kò bá sí mọ́, kí ẹ̀yin ọmọ bàbá tó ti dàgbà ṣe àyẹ̀wò ojú kan ṣoṣo náà. Bí ọmọ àǹtí kò bá ní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kò tíì tán, torí jẹjẹrẹ kíndìnrín máa ń wá fúnra rẹ̀. Ara bàbá tó wà nínú ìda la ó padà sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó wá já sí bẹ́ẹ̀ ni fún yín. Ìyẹn kò sọ pé ẹ ó ní mesothelioma. Ọ̀pọ̀ ò ní ní in. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí dókítà ojú máa kán oògùn sí ojú yín lọ́dọọdún kí ọmọlójú lè là, kó wo ẹ̀yìn ẹyinjú, kó sì ya fọ́tò rẹ̀, torí jẹjẹrẹ ibẹ̀ kì í dun èèyàn níbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa yẹ gbogbo awọ ara wò lọ́dọọdún, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná. Kí wọ́n máa fi ọ̀tírásáǹdì tàbí MRI wo kíndìnrín. Ní ti àyà, kò tíì sí àyẹ̀wò kankan tó fìdí múlẹ̀ pé ó ń gba ẹ̀mí là bí ara bá dá, nítorí náà ẹ má máa lọ ya X-ray tàbí CT léraléra láìnídìí. Ìtànṣán náà ń ba DNA jẹ́. Ohun ìtùnú kan wà tí àwọn èèyàn kì í gbọ́: àwọn tó jogún rẹ̀, bí mesothelioma bá tilẹ̀ mú wọn, sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tí kò jogún rẹ̀ lọ, àwọn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fi platinum ṣe sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ dáadáa.

Yálà jíìnì wà tàbí kò sí, ẹni tó ti bá asbestos gbé nínú ilé yín gbọ́dọ̀ mọ àmì wọ̀nyí: èémí tó ń kúrú sí i, ìrora ẹ̀gbẹ́ kan àyà tí kò lọ, ikùn tó ń wú nígbà tí ara ń rù. Bí wọ́n bá fa omi àyà tó sì tún padà kún, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kó pé. Ẹ ní kí wọ́n gé ẹran níbẹ̀. Omi nìkan, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọn ò rí nǹkan kan, kò fi hàn pé kò sí jẹjẹrẹ. Kí ẹ sì sọ iṣẹ́ bíréèkì fún dókítà fúnra yín. Wọn kì í sábà béèrè.

Ó wá kan àbúrò yín. Kò sí bó ṣe lè fojú mọ láínìn tó ní asbestos yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, pàápàá tòkunbọ̀, nítorí náà kó mú gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ó ní in. Kó má fi afẹ́fẹ́ fọn dírọ́ọ̀mù mọ́ láé, kó má sì fi ìgbálẹ̀ gbá eruku gbígbẹ. Omi ọṣẹ ni kó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kó tó ṣí i, kó fi àkísà tútù nù ún, kó di àkísà náà sínú nílọ́ọ̀nù méjì tó nípọn, kó so ó. Ẹ̀rọ tí bàbá fi ń lọ láínìn yẹn, kó gbé e jù sílẹ̀, kó máa ra ṣúù tí wọ́n ti kàn láti ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni eruku ti pọ̀ jù. Kó lo ìbòmú P100 tàbí FFP3 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, kó sì fá irùngbọ̀n, torí ibi tí irun bá wà ni eruku ń gbà wọlé. Áńkáṣíìfù àti ìbòmú aláwọ̀ búlúù ti ọsibítù kò dí fọ́nrán yìí. Kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó rì í sínú omi níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n. Bó bá ń mu sìgá, kó jáwọ́: sìgá kò fa mesothelioma, ṣùgbọ́n sìgá pẹ̀lú asbestos ń sọ ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró di ìlọ́po. Bí síílìn tàbí òrùlé ilé bàbá bá jẹ́ asbestos àtijọ́, tí kò fọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ kùn ún. Bó bá di dandan kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi omi rẹ ẹ́, kí wọ́n yọ ìṣó, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi. Kí wọ́n má gé e pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì kó àfọ́kù rẹ̀ kún ilẹ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Ní ti àwọn ọmọ, rárá, ẹ má kó wọn lọ. Kò sí ìtọ́jú kankan tó máa yí padà fún ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 3. Bí ẹ̀yin kò bá ní in, wọn ò lè gbà á láti ọ̀dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ẹ bá ní in, ìgbà ọ̀dọ́langba, tí àyẹ̀wò ojú máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ máa bá wọn sọ ọ́, kí àwọn náà lóye ohun tí wọ́n ń ṣe. Títí dìgbà náà, kí wọ́n má bá àbúrò yín ṣeré nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ó má sì gbé wọn mọ́ra pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.